Gbogbo Ẹranko Funfun Kọ́ ni Àfín: Èrò Kan lórí Èdè-Ìperí fún Àwọ̀ Ara Ẹranko Ìgbẹ́

1. Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ti ṣe rẹ́gí fún ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe rẹ́gí fún èdè-ìperí. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ohun kan nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé méjì láti wò: ilé ìmọ̀ tí ohun náà ti wá, àti ilé èdè tí ọ̀rọ̀ tuntun náà yóò máa gbé. Bí ó bá wo ọ̀kan, tí kò wo èkejì, orúkọ tí ó sọ ọmọ náà lè di ẹrù fún un.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ ìwé pélébé kan fún àwọn olùkọ́ tí ó ń fi èdè Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, mo sì bá ọ̀kan nínú wọn lọ sí kíláàsì rẹ̀ láti wo bí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀ yóò ti rìn sí. Àwòrán kìnnìún funfun kan wà lára ògiri. Lábẹ́ rẹ̀ ni olùkọ́ náà ti da ọ̀rọ̀ mi kọ: 'Kìnnìún àfín. Àrùn àìláwọ̀ ni ó sọ ọ́ di funfun.' Ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ àfín jókòó ní ìlà iwájú, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí pátákó. Nígbà tí olùkọ́ parí àlàyé, ọmọ náà nawọ́, ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí kìnnìún yẹn bá jẹ́ àfín, báwo ni ó ṣe ń la ojú rẹ̀ sínú oòrùn bẹ́ẹ̀?' Olùkọ́ wò mí. Èmi náà wo àwòrán. Ojú kìnnìún náà là kedere, ẹyinjú rẹ̀ sì ní àwọ̀ bí ti wúrà. Ọmọ náà ti rí ohun tí èmi tí mo kọ ìwé kò rí. Kò béèrè ohunkóhun nípa 'àrùn', ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà lára ògiri níwájú rẹ̀, èmi ni mo sì kọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tún èrò mi pa lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ àti ògbufọ̀ ń lò nígbà tí a bá ń ṣàlàyé ìdí tí àwọ̀ ara ẹranko ìgbẹ́ kan fi yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ. Èkíní ni pé a ti na ọ̀rọ̀ náà àfín kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dé. Èkejì ni pé àwọn ọ̀rọ̀ bí àrùn, àbùkù àti alágbára ń kọ́ ọmọ ní ohun tí sáyẹ́ǹsì kò sọ. Ẹ̀kẹta ni pé èdè Yorùbá ti ní ohun tí a fi lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa.

2. Dúdú, pupa àti funfun

Àwọn onímọ̀ èdè ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta ni Yorùbá ní fún àwọ̀: dúdú, pupa àti funfun. Àwọn kan a sì máa fi èyí sọ pé èdè wa jẹ́ òtòṣì. Ní ti aṣọ àti ọ̀dà, ó lè rí bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ní ti irun ara ẹranko tí ó ń fi ọmú bọ́ ọmọ, kò sí èdè tí ó tún bá sáyẹ́ǹsì mu ju tiwa lọ.

Ohun tí ó ń fún irun àti awọ ẹranko wọ̀nyí ní àwọ̀ ni mẹ́lánìn. Oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan jẹ́ dúdú, ó sì lè mọ níwọ̀n gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ obì gbígbẹ. Gbogbo rẹ̀ náà ni Yorùbá ń pè ní dúdú. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti àwọ̀ bíi ti epo pupa títí dé àwọ̀ bíi ti ìyeyè. Gbogbo rẹ̀ náà ni a ń pè ní pupa. Níbi tí kò bá sí ọ̀kankan nínú méjèèjì, funfun ni irun yóò jẹ́. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé 'mẹ́lánìn dúdú' àti 'mẹ́lánìn pupa', kò sí olùkọ́ tí yóò ní kí n ṣe àlàyé síwájú sí i, ohun tí mo sọ kò sì yàtọ̀ sí ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń sọ.

Bí àwọn jíìnì ṣe ń darí mẹ́lánìn kò le láti ṣàlàyé. Jíìnì tí a ń pè ní TYR ni ó ní ìlànà fún ẹ́ńsáìmù tí ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́lánìn. Bí ẹ́ńsáìmù náà bá kú pátápátá, mẹ́lánìn dúdú àti pupa kò ní sí. Jíìnì MC1R ní ìlànà fún ohun kan tí ó dúró lójú sẹ́ẹ̀lì bí adènà tí ń gba iṣẹ́ tí a rán. Bí iṣẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yóò máa ṣe mẹ́lánìn dúdú. Jíìnì mìíràn, ASIP, ni ó ní ìlànà fún ohun tí ń dí adènà náà lọ́nà. Nígbà tí ó bá dí i, sẹ́ẹ̀lì yóò yí padà sí mẹ́lánìn pupa. Jíìnì SLC45A2 ń ṣe ìtọ́jú inú yàrá kékeré tí a ti ń ṣe mẹ́lánìn nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìyípadà lára ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ni ó sábà máa ń wà nídìí àwọ̀ tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

3. Ta ni àfín?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé èdè. Lékeléke funfun láti orí dé ìrù, kò sì sí Yorùbá tí ó ń pè é ní àfín. Adìẹ funfun ni à ń pe adìẹ funfun. Àgbò funfun ni à ń pe àgbò funfun. Ẹni tí a ń pè ní àfín ni ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n tí awọ ara, irun orí àti ẹyinjú tirẹ̀ kò ní dúdú tí ó yẹ kí wọ́n ní, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń yọ lẹ́nu. Ojú wà nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a bá wo ilé ìmọ̀, ohun kan náà ni a ó bá níbẹ̀. Ohun tí elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní albinism kan awọ, irun àti ojú lápapọ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níhà gúúsù Sàhárà, jíìnì OCA2 ni ó sábà máa ń wà nídìí rẹ̀ lára ènìyàn. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dà tí ó yí padà lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá kí ó tó jẹ́ àfín. Ìdí nìyí tí òbí méjì tí ó dúdú fi lè bí i. Yorùbá àti sáyẹ́ǹsì bára mu níhìn-ín. Àwa ni a wá da ọ̀rọ̀ náà rú nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pe gbogbo ẹranko tí ó bá funfun.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹranko mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹranko kìíní ni gọ̀rílà kan tí wọ́n mú ní ọdún 1966 ní Río Muni, apá kan orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Equatorial Guinea lónìí, lẹ́yìn tí àgbẹ̀ kan ti pa ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹranko ìlú Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn gẹ́gẹ́ bíi Copito de Nieve. Ara rẹ̀ funfun, ìmọ́lẹ̀ a máa yọ ojú rẹ̀ lẹ́nu, jẹjẹrẹ awọ ara ni ó sì ṣe é kí ó tó kú ní ọdún 2003. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ tí ó ka DNA rẹ̀ rí i pé ìyípadà wà lára jíìnì SLC45A2 rẹ̀, àti pé ìbátan ni àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ sí ara wọn. Àfín ni ẹranko yìí, ọ̀rọ̀ náà sì bá a mu délẹ̀délẹ̀. Ó dára kí a rántí pé àwọn Fang tí wọ́n mú un ní ilẹ̀ wọn ti sọ ọ́ ní Nfumu Ngui, èyí tí í ṣe 'gọ̀rílà funfun' ní èdè wọn. Wọ́n dárúkọ ohun tí ojú wọn rí.

Ẹranko kejì ni táígà funfun. Ní ọdún 1951, ọba ìlú Rewa ní ilẹ̀ Íńdíà mú ọmọ táígà funfun kan, ó sọ ọ́ ní Mohan. Láti ọ̀dọ̀ Mohan àti ọmọbìnrin tí òun fúnra rẹ̀ bí ni wọ́n ti mú irú táígà wọ̀nyí pọ̀ sí i nínú ọgbà. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ rí i pé jíìnì SLC45A2 kan náà ni ó yí padà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara wọn: ìlà dúdú wà níbẹ̀ síbẹ̀, ojú wọn sì ní àwọ̀ aró tí ó mọ́. Mẹ́lánìn pupa nìkan ni ó lọ. Dúdú kò lọ. Bí a bá pe táígà yìí ní àfín, a ti fi ọ̀rọ̀ kan bo ohun méjì tí ó yàtọ̀.

Ẹranko kẹta ni kìnnìún funfun ti agbègbè Timbavati ní Gúúsù Áfíríkà, irú èyí tí ó wà lára ògiri kíláàsì tí mo sọ. Jíìnì TYR ni ó yí padà lára rẹ̀. Bí jíìnì yìí bá kú pátápátá lára ènìyàn, àfín tí kò ní mẹ́lánìn rárá ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ti kìnnìún kò kú. Agbára rẹ̀ ni ó dín kù. Irun funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ bí ọ̀rá, ojú sì ń pa àwọ̀ tirẹ̀ mọ́.

Ẹranko kẹrin ni béárì funfun ti British Columbia ní ilẹ̀ Kánádà, tí ó pọ̀ jù ní erékùṣù Gribbell àti Princess Royal. Béárì dúdú ni irú rẹ̀. Ìyá dúdú lè bí i. Ní ọdún 2001 ni a mọ̀ pé ìyípadà kan lára MC1R ni ó fà á, àti pé ẹ̀dà méjì ni ẹranko náà gbọ́dọ̀ ní. Imú rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ dúdú. Àwọn tí ó ṣọ́ ọ létí odò rí i pé ní ojúmọmọ, ó ń rí ẹja sámọ́nì pa ju béárì dúdú lọ, nítorí pé ẹja kì í tètè rí ohun funfun tí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni yóò wá pe èyí ní àrùn?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí ni pé a kò lè gbé orúkọ ka orí jíìnì. SLC45A2 kan náà sọ gọ̀rílà di àfín, ó sì mú pupa nìkan kúrò lára táígà. Ohun tí ojú rí ni kí a fún ní orúkọ Yorùbá. Kí jíìnì máa jẹ́ orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí àfín dúró fún ẹranko tí awọ, irun àti ojú rẹ̀ pàdánù mẹ́lánìn lápapọ̀. Kí a máa pe èyí tí irun rẹ̀ funfun ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ pa àwọ̀ mọ́ ní arafunfun. Kí a sì máa pe irú ti táígà náà ní àìnípupa. Olùkọ́ tí ó bá wo ojú ẹranko kí ó tó wo irun rẹ̀ kò ní tètè ṣìnà.

4. Dúdú àti ìlà ara

Ọ̀rọ̀ tí ó jọ èyí wà nípa dúdú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹranko ọ̀tọ̀ kan ni ẹkùn dúdú tí wọ́n ń rí nínú sinimá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹkùn ni, irú èyí tí ìyá alámì tótòtó lè bí. Bí oòrùn bá tàn sí i lára, àmì rẹ̀ yóò hàn lábẹ́ dúdú náà. Lára ẹkùn, jíìnì ASIP ni kò dí adènà lọ́nà mọ́, ẹ̀dà méjì ni a sì nílò. Lára jágúà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, MC1R ni ó yí padà, ẹ̀dà kan ṣoṣo sì ti tó.

Mo ti rí i tí ògbufọ̀ kan pe irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ní 'ẹkùn adúláwọ̀'. Èmi kò fara mọ́ èyí. Adúláwọ̀ ti di orúkọ tí àwa ènìyàn dúdú ń jẹ́, àwọ̀ tí ó jẹ́ ti gbogbo wa sì ni. Bí a bá tún fi í pe ohun tí ó yàtọ̀ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè rò pé àwọ̀ tirẹ̀ náà jẹ́ ìyàtọ̀ kúrò lára ohun kan. Adúbora ni mo dá lábàá, nítorí pé dúdú ni ó bo ara ẹranko náà, tí àmì sì wà lábẹ́.

Kí a má sì ṣe da adúbora pọ̀ mọ́ èyí tí ìlà tàbí àmì ara rẹ̀ tóbi tí wọ́n sì wọ inú ara wọn. Ìtàn chítà ọlọ́lá, tí elédè Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ọba pè, jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹni tí ń sọ nǹkan lórúkọ. Nígbà tí a rí awọ rẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Zimbabwe lónìí, Reginald Pocock fún un ní orúkọ ìmọ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1927 bí ẹni pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni: Acinonyx rex. Ní ọdún 1939, òun tìkára rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ní ọdún 1981, chítà alámì tótòtó bí irú rẹ̀ nínú ọgbà kan ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 2012, a mọ̀ pé jíìnì Taqpep ni ó wà nídìí rẹ̀, jíìnì kan náà tí ń sọ ìlà ara ológbò ilé di gbòǹgbò. Ní ọdún 2021, a rí i pé ìyípadà lára jíìnì yìí náà ni ó fà á tí ìlà àwọn táígà kan ní Similipal ní ilẹ̀ Íńdíà fi tóbi débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. Dúdú kò bo àwọn wọ̀nyí. Ìlà ni ó wọra. Onílà-wọra ni kí a máa pè wọ́n.

5. Àrùn, àbùkù, alágbára

Mo wá dé ibi tí ó ká mi lára jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi èdè wa kọ, 'àbùkù' tàbí 'àṣìṣe' ni à ń pe ìyípadà tí ó bá dé bá jíìnì. Sáyẹ́ǹsì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyípadà lè pani lára, ó lè ṣeni láǹfààní, ó sì lè má ṣe ọ̀kankan. Àwọn ìkookò dúdú ti Àríwá Amẹ́ríkà jẹ́ ẹ̀rí. Láti ara ajá ni jíìnì dúdú wọn ti wá, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ní ọdún 2009. Ìwádìí ọdún 2022 sì fi hàn pé níbi tí àrùn ajá tí a ń pè ní distemper bá ti ń jà, ìkookò tí ó ní ẹ̀dà kan nínú jíìnì náà ń yè ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Jíìnì kan náà ni. Ibi tí ó bá bá ara rẹ̀ ni ó ń sọ bóyá ire ni tàbí ibi. Ìyípadà jíìnì ti tó. Kí a fi àbùkù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni 'jíìnì alágbára' àti 'jíìnì aláìlágbára'. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé alágbára ni ó dára jù tàbí pé òun ni ó pọ̀ jù. Jíìnì tí ń sọ jágúà di dúdú ni ó ń farahàn lórí èkejì rẹ̀, síbẹ̀ jágúà alámì tótòtó ni ó pọ̀ jù lọ. Jíìnì afarahàn àti jíìnì afarapamọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an: ọ̀kan hàn, èkejì fi ara pamọ́ títí yóò fi bá irú rẹ̀ pàdé.

Ní ti 'àrùn', àwọn kan lè sọ pé àfín nílò ìtọ́jú, kí ni ó dé tí a kò fi ní pè é bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ó bá gbọ́ àrùn yóò máa wá oògùn tàbí èèwọ̀ kiri. A ti fi iyọ̀ du ọ̀pọ̀ àfín láàrin wa, nígbà tí ó jẹ́ pé oòrùn ni ó ń pa wọ́n lára. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé mẹ́lánìn ni kò sí nínú awọ àti ojú yóò ronú kan fìlà, aṣọ alápá gígùn, àti ìjókòó iwájú nínú kíláàsì. Ìtọ́jú tí ó wúlò nìyẹn, láti inú ìmọ̀ tí ó tọ́ sì ni ó ti ń wá.

6. Àwọn àtakò kan

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò béèrè ìdí tí mo fi fi 'jíìnì' sílẹ̀ láìtúmọ̀. Wọ́n lè dábàá àbùdá. Ṣùgbọ́n àbùdá ni ìwà tàbí àmì tí a fi ń mọ nǹkan. Irun funfun ni àbùdá, jíìnì sì ni ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Bí a bá fi orúkọ kan pe méjèèjì, gbogbo ẹ̀kọ́ apá kẹta yóò dàrú. Ohun tí ojú kò rí, tí kò sì ní ilé nínú èdè wa tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí ó burú nínú kí a yá orúkọ rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọ̀rọ̀ tuntun ti pọ̀ jù fún ọmọdé. Ìrírí àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣíwájú wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ gbogbo, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984 fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láìronú. Ọ̀rọ̀ tí a fi ohun tí ojú rí dá kì í pẹ́ mọ́ ọmọ lẹ́nu.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ní kúkúrú, ohun tí mo ń dá lábàá nìyí:

(i) àfín: ẹni tàbí ẹranko tí awọ, irun àti ojú rẹ̀ pàdánù mẹ́lánìn lápapọ̀;
(ii) arafunfun: ẹranko tí irun rẹ̀ funfun, tí ojú rẹ̀ pa àwọ̀ mọ́;
(iii) àìnípupa: èyí tí ó pàdánù mẹ́lánìn pupa, tí dúdú rẹ̀ kù;
(iv) adúbora: èyí tí dúdú bo àmì ara rẹ̀;
(v) onílà-wọra: èyí tí ìlà tàbí àmì ara rẹ̀ tóbi tí wọ́n sì wọ inú ara wọn;
(vi) ìyípadà jíìnì, dípò àbùkù tàbí àṣìṣe;
(vii) jíìnì afarahàn àti jíìnì afarapamọ́, dípò alágbára àti aláìlágbára.

Èmi kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni òpin. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní èyí tí ó sàn jù, pàápàá láti ẹnu àwọn ọdẹ àti àwọn tí ń sin ẹran, kí ó mú un wá kí a jọ gbé e yẹ̀ wò. Èyí tí n kò ní gbà padà ni ọ̀rọ̀ náà 'àrùn'. Mo ti kọ̀wé sí olùkọ́ tí mo bá lọ sí kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yọ ìwé tí ó wà lábẹ́ àwòrán kìnnìún kúrò, kí ó fi òmíràn dípò rẹ̀: 'Kìnnìún arafunfun. Ẹ wo ojú rẹ̀.' Mo tún ní kí ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé ìbéèrè rẹ̀ ni ó mú kí a ṣe àtúnṣe.